Ẹni tó tọ́jú alùpùpù ni alùpùpù ń gbé délé

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn wa

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, ni Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù wọ ìlú Èkó. Alùpùpù tó ń wọ Èkó lójoojúmọ́ kò lóǹkà, kò sì sí ẹni tó ń dá wọn dúró kí wọ́n kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n èrò jáde láti pàdé ọkùnrin yìí nítorí ibi tó ti ń bọ̀. Lọ́ńdọ̀nù, olú ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti gbéra ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún náà. Ọjọ́ 41 ló lò lójú ọ̀nà, ọ̀nà tó sì rìn ju 12,000 kìlómítà lọ.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, ẹ fojú inú wo ẹni tó gbéra láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tó tún ọ̀nà bẹ́ẹ̀ rìn ní ìgbà 90 ó lé. Ilẹ̀ Faransé àti Spéènì ló gbà kọjá kó tó sọdá òkun sí Mòrókò, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà já dé Mọriténíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì ń bọ̀ wá títí tó fi kọjá Gánà, Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin, kó tó tẹsẹ̀ bọ ilé. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ni, ìdí tó fi rin ìrìn náà ni láti polongo bí a ṣe máa fòpin sí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pólíò.

Lẹ́yìn tó dé, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bèèrè ni iye owó tó ná, àti irú ọkàn tí ẹni bẹ́ẹ̀ ní. Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kan ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní abúlé àti ìlú kéékèèké: báwo ni nǹkan onítáyà méjì ṣe ń rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò dẹnu kọlẹ̀ sáàárín aṣálẹ̀? Ẹni tó fi ọ̀kadà kó kòkó jáde láti inú oko, tàbí tó fi gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru, nílò ìdáhùn yẹn ju ẹni tó ń rìnrìn àjò afẹ́ lọ.

Irú alùpùpù wo ni?

Honda CB500X ni alùpùpù tí Adéyanjú gùn. Ó wà lára àwọn alùpùpù tí wọ́n dìídì ṣe fún ọ̀nà jíjìn. Irú wọn máa ń ga sókè nílẹ̀ kí òkúta má baà gbá wọn nídìí, ṣọ́ọ̀kì wọn máa ń gùn kó lè gba kòtò, táńkì epo wọn máa ń tóbi, wọ́n sì máa ń ní gíláàsì kékeré níwájú tó ń gba afẹ́fẹ́ kúrò láyà ẹni tó ń gùn ún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ CC 471, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń ná ọ̀nà oko wa jẹ́ CC 100 sí 150. Ó wúwo tó nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin kí wọ́n tó di ẹrù lé e. Bó bá ṣubú lulẹ̀ níbi tí kò sí ẹlòmíràn, ẹni tó gùn ún nìkan ni yóò gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ ká má ṣàṣìṣe o. Nínú àwọn alùpùpù onírìn-àjò, èyí kì í ṣe èyí tó tóbi jù tàbí tó wọ́n jù. Àwọn mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì wọn ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òun ló gbé èèyàn dé Èkó. Ẹni tó bá rò pé títóbi ẹ́ńjìnnì ló ń múni délé, ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan fún un.

Nígbà tí alùpùpù ńlá já wọn kulẹ̀

Ní ọdún 2004, àwọn òṣèré méjì, Ewan McGregor àti Charley Boorman, gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gba Yúróòpù àti Éṣíà kọjá, títí tí wọ́n fi dé New York ní Amẹ́ríkà. Alùpùpù BMW ńláńlá ni wọ́n gùn, àwọn ọkọ̀ jíìpù sì ń tẹ̀ lé wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Claudio von Planta ni orúkọ ẹni tó ń ya fíìmù wọn, BMW bíi tiwọn lòun náà gùn.

Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Mòǹgólíà, níbi tí kò ti sí ọ̀dà rárá, tó jẹ́ ẹrẹ̀ àti koríko nìkan ló wà, egungun irin tó gbé alùpùpù Claudio dúró kán. Kí ni wọ́n ṣe? Alùpùpù Rọ́ṣíà kan tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti BMW ni wọ́n rà fún un níbẹ̀, òun ló sì gùn tẹ̀ síwájú. Nǹkan pọ́ńbélé ni alùpùpù náà, òun náà sì ń bàjẹ́ lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń gùn. Darandaran lásán mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Lójú ọ̀nà jíjìn, alùpùpù tó dára jù ni èyí tí ẹni tó wà nítòsí lè tún ṣe, tí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ sì mọ inú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ted Simon, akọ̀ròyìn bíi tiwa, mọ èyí tipẹ́. Ọdún 1973 ló gun alùpùpù Triumph CC 500 jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, ó la ilẹ̀ Áfíríkà já láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọdún mẹ́rin ló sì fi yí ayé ká, tó de orílẹ̀-èdè 45. Kò sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun àti sípánà rẹ̀ ló kù. Ní 2001, nígbà tó ń lọ sí ẹni 70 ọdún, bàbá náà tún gbéra, ó tún gba ọ̀nà náà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ rò pé ọjọ́ orí ti mú yín kúrò lórí alùpùpù, ẹ gbọ́ o!

Ohun tí ojú mi rí

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ara mi pamọ́ níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí. Ní àkókò òjò kan, mò ń lọ kí ìyá àgbà mi lábúlé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà lápò mi. Ọ̀kadà ni mo gùn láti títì. Bí a ti ń lọ ni mò ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ wa, kà-kà-kà, bí ẹni ń fi eyín họ eegun. Mo bi ọlọ́kadà léèrè, ó ní kí n má dá a lóhùn, pé ó ti tó oṣù kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè kan, ṣéènì já. Ká ní ó kàn já sílẹ̀ ni, à bá dúpẹ́. Inú táyà ẹ̀yìn ló fò bọ́ sí, ó há táyà náà gádígádí, alùpùpù sì fi wá ṣòfò sínú ẹrẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, nítorí pé a ò sáré, ọkọ̀ kankan kò sì sí lẹ́yìn wa. Àpá rẹ̀ wà ní ìgúnpá mi dòní. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé abúlé, ilẹ̀ sì ti ṣú kí oògùn tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìró yẹn ti sọ̀rọ̀ fún odidi oṣù kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó ń rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ṣe ń tọ́jú tiwọn.

Àyẹ̀wò òwúrọ̀

Ìwádìí wa fi hàn pé kò sí awo kankan níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n fi ń wo alùpùpù láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé, kò sì sí èyí tí ọlọ́kadà oko kò lè ṣe níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ṣéènì. Ìka ni wọ́n fi ń ta á sókè láàárín méjì, kí wọ́n wò bó ṣe dẹ̀ tó. Bó bá dẹ̀ jù, yóò fò jáde. Bó bá le jù, nígbà tí ẹrù bá wà lórí alùpùpù, yóò máa fa bọ́ọ̀lù inú táyà àti jíà títí wọn yóò fi bàjẹ́. Ìwọ̀n tó yẹ wà nínú ìwé tó bá alùpùpù kọ̀ọ̀kan wá. Ní bíi gbogbo 1,000 kìlómítà ni wọ́n ń nu ṣéènì, tí wọ́n sì ń kán ọ́ìlì sí i. Bó bá jẹ́ inú òjò tàbí yanrìn ni wọ́n ti rìn, wọn kì í dúró kó tó bẹ́ẹ̀. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ṣe lo bẹntiróòlù, nítorí ó ń ba rọ́bà kéékèèké tó wà nínú ṣéènì alùpùpù ńlá jẹ́, iná sì tètè ń ràn án. Ẹ má sì ṣe nu ṣéènì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ìka ọwọ́ ló ń gé.

Ẹ tún wo eyín irin tí ṣéènì ń gùn, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sípírọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí orí àwọn eyín náà bá ti tẹ̀ bí èékánná àwòdì, ó ti jẹ tán nìyẹn. Ẹni tó bá ra ṣéènì tuntun lé eyín tó ti jẹ, owó rẹ̀ ló sọ nù, torí eyín ògbólógbòó yóò jẹ ṣéènì tuntun náà láìpẹ́. Papọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn.

Èkejì ni táyà. Òwúrọ̀ tí táyà ṣì tutù ni wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, nítorí pé tó bá ti gbóná, ìwọ̀n náà ń tan ni. Ẹrù púpọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú yanrìn aṣálẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń dín in kù, kí táyà lè fẹ̀ sílẹ̀, kó má baà rì. Bí wọ́n bá ti padà sórí ọ̀dà, wọ́n á tún fi páǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ padà, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó tètè ń gbóná, ó sì lè bẹ́. Kò sí fókánáísà nínú Sàhárà. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ táyà wà nínú ẹrù oníkálukú.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń dúró kí iná pupa tàn kí wọ́n tó bu ọ́ìlì sí i, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, irin ti ń ha irin. Ẹ ra ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, torí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì tún dà sínú ike tuntun, kì í ṣe ohun àjèjì lọ́jà wa.

Ẹ̀kẹrin ni asẹ́ tó ń gba erùpẹ̀ kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí. Alùpùpù ń mí bí èèyàn. Bí asẹ́ yìí bá ya, eruku yóò wọlé lọ bá písítìnì, yóò sì máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ ti ń lọ ata. Alùpùpù tó ń rú èéfín, tó sì ń mu ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá dé Sàhárà, eruku ọ̀nà oko wa nígbà ọyẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni bíréèkì àti àwọn nọ́ọ̀tì. Gbígbọ̀n tí alùpùpù ń gbọ̀n lójú ọ̀nà tí kò dára ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan wọn níkọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì kan tí owó rẹ̀ kò ju ti ẹ̀kọ lọ lè pa èèyàn.

Epo, ẹrù àti ìwé ọ̀nà

Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn tún gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ní táńkì gba lítà 17, tí lítà kan sì ń rin kìlómítà 25. Alùpùpù náà kò lè ju 425 kìlómítà lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n láti Nouadhibou sí Nouakchott ní ilẹ̀ Mọriténíà nìkan, ó tó nǹkan bí 470 kìlómítà, aṣálẹ̀ sì ni. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti rí epo ni wọ́n ti ń rà á, wọn kì í dúró kí táńkì gbẹ. Ní ẹnu ààlà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Guerguerat, wọ́n tún máa ń kìlọ̀ fún arìnrìn-àjò pé kó má yà kúrò lójú ipa ọ̀nà, nítorí àdó olóró tí ogun fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀. Ibi tí alùpùpù bá bàjẹ́ sí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí èèyàn ti tún un ṣe.

Ní ti ẹrù, ìsàlẹ̀ àti àárín ni wọ́n ń di èyí tó wúwo sí. Ẹrù tó bá ga, tó sì wà lẹ́yìn pátápátá, ń fa ọwọ́ iwájú sókè, alùpùpù kò sì ní gbọ́ràn mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ yà. Ẹ̀yin tí ẹ ń di àpò kòkó méjì lé ẹ̀yìn, tí èèyàn méjì tún gùn ún, ẹ̀yin náà lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ìwé pẹ̀lú ṣe kókó. Yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù àti ìwé alùpùpù, káàdì ìbánigbófò ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, kí ẹni tó ní jàǹbá lórílẹ̀-èdè mìíràn lápá ibí yìí lè rí ẹni dúró fún un. Akoto kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí, ì báà jẹ́ Sàhárà, ì báà jẹ́ ọ̀nà odò.

Ohun tí ìrìn náà kọ́ wa

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí Adéyanjú ṣì wà lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àwọn yóò fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà. Bí ìlú ṣe ń kí alùpùpù kan kú àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn kúrò lójú títì. Ìjọba sọ ìdí tirẹ̀, jàǹbá ọkọ̀ àti ìwà ọ̀daràn wà lára rẹ̀. A ò ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú jàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀, mélòó ni ti alùpùpù, mélòó sì ni ti ẹni tó gbọ́ kà-kà-kà fún oṣù kan tí kò dá a lóhùn?

Abúlé kò lè fòfin de ọ̀kadà. Bí ọ̀kadà bá kúrò, kí ni yóò kó iṣu jáde? Ẹ rántí ohun tí Adéyanjú torí rẹ̀ rìnrìn àjò. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ti ìṣẹ̀dá ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn nínú àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sí àwọn ọmọ wa lẹ́nu ṣe dé abúlé tí mọ́tò kò lè dé? Lórí ọ̀kadà ni, nínú kúlà oníyìnyín tí òṣìṣẹ́ ìlera gbé kọ́ èjìká. Ká ní ṣéènì já lọ́jọ́ náà, tí yìnyín sì yọ́, oògùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò dìgbà tí ẹ bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Lọ́la, kí ẹ tó gbéra lọ sóko, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ta ṣéènì yẹn sókè wò. Ẹ tẹ táyà. Ẹ yọ ọ́ìlì wò. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tí ẹ ò gbọ́ lánàá, ẹ dúró.